Ìwé Vonnegut tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ orúkọ mọ́

Owó àjọ ọdún kan gbáko ni mo kó lé ìwé yìí: Slaughterhouse-Five, ìtàn àròsọ tí Kurt Vonnegut, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ, ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́, 1969. "Òǹkọ̀wé buwọ́ lù ú," ni wọ́n fi polówó rẹ̀. Páálí dé lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n dì í dáadáa, kì í ṣe irọ́. Mo ṣí i, mo fi ìka pa orúkọ náà lára, ni ìka mi bá kọ́ mọ́ etí bébà. Àṣé orí bébà pélébé kan ni bàbá náà ti buwọ́ lùwé, tí ẹnìkan wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́nú ìwé! Gọ́ọ̀mù ọ̀hún ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti mu dé ojú-ìwé kejì.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù tó tà á fún mi. Ọmọkùnrin kan ló gbé e. "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́ ni?" Ẹ gbọ́ mi! Ohun tí mo bá ti sọ, "ẹ má bínú" ló ń fi tì í lẹ́yìn, ó tó ìgbà méje. Bí ẹnikẹ́ni bá kú nínú ìwé yẹn, gbólóhùn kúkúrú kan náà ni Vonnegut fi ń sin ín. Àfi bíi pé èmi náà ti kú.

Ìbínú ni mo fi kà á lóru. Ọkùnrin kan tí àsìkò ò dì mú mọ́: ó wà lẹ́wọ̀n ogun ní Dresden, ìlú kan ní Jámánì, kó tó ṣẹ́jú, ó ti ń wọn awò ojú fún èèyàn ní Amẹ́ríkà. Vonnegut fúnra rẹ̀ wà ní Dresden nígbà tí bọ́ǹbù rọ̀ sí i ní oṣù kejì 1945; abẹ́ ilẹ̀ ilé ìpẹran ló sá sí. Ilẹ̀ mọ́ bá mi lórí àga.

Lọ́jọ́ Ajé, màmá àgbà kan pè mí láti ṣọ́ọ̀bù náà. Kò bẹ̀ mí o. "Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú-ìwé àkọlé." Mo kà á fún un: ìtẹ̀ àkọ́kọ́. "Etí èèpo ńkọ́?" Dọ́là 5.95, wọn ò gé e. Ó ní tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ fún ẹgbẹ́ òǹkàwé ni, mi ò ní bá iye owó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbà pé ìpolówó wọn ò sòótọ́ tán, ó sì dá ìdámẹ́ta owó mi padà kí n tó jẹun ọ̀sán.

Mi ò dá ìwé padà. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, nítorí gọ́ọ̀mù yẹn. Mo ti sọ fún màmá pé bí èyí tí wọ́n buwọ́ lù tààrà bá wọlé, èmi ni kó kọ́kọ́ pè. Oṣù mẹ́rin ló kù kí àjọ tún kàn mí.