Àgbéyẹ̀wò Bee Network ti Manchester láti ọwọ́ èrò ọkọ̀ kan

Farnworth lẹ́bàá Bolton ni mo ń gbé, àárín ìlú Manchester ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nítorí náà bọ́ọ̀sì ni ẹsẹ̀ mi. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1985, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 1986, ló sọ ọ̀nà ọkọ̀ di ọjà ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àyàfi Lọ́ńdọ́ọ̀nù: ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń yan ọ̀nà tó wù ú, òun náà ló ń dá iye owó. Ẹni tó bá ti rí bí dánfó ṣe ń du èrò yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ òjò kan, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ló kọ́kọ́ dé, awakọ̀ sì ní kí n san owó tuntun tàbí kí n dúró. Mo dúró, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 2023, Bolton àti Wigan bọ́ sábẹ́ Bee Network, ètò tó mú kí bọ́ọ̀sì wà lábẹ́ àkóso àjọ ìrìnnà ìlú. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2025, ó ti kárí gbogbo Greater Manchester, ìyẹn Manchester àti àwọn ìlú tó yí i ká. Wọn kò lé àwọn aládàáni lọ, ibi tí wọ́n ti ń díje ni wọ́n yí padà. Àjọ ìrìnnà ìlú ló ń yan ọ̀nà, àkókò àti owó ọkọ̀, òun ló sì ń gba owó lọ́wọ́ èrò, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Go North West, Diamond àti Stagecoach ń du àdéhùn, tí kálukú ń sọ iye tí yóò gbà láti wa ọkọ̀ fún ìlú. Èmi fara mọ́ ọn pátápátá, nítorí pé owó tí ilé iṣẹ́ ń gbà kò dúró lórí èrò tó já gbà mọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan wọ gbogbo bọ́ọ̀sì báyìí, láti oṣù kẹta 2025 sì ni káàdì báńkì tí mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì ti ń gbé mi wọ tíráàmù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì 36 ló ṣe mí lóore jù, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wa títí di òwúrọ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2024, pẹ̀lú V1 tó ń lọ sí Leigh. Aládàáni tó ń wá èrè lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kì í fẹ́ wa ọkọ̀ ní aago mẹ́ta òru nítorí ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ bíi tèmi. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí èrò bá dín kù, ìlú ni yóò ru àdánù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ òru ló rọrùn jù láti gé kúrò. Mo bẹ àjọ náà kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.