Lítà 20 tàbí lítà 30: R 1250 GS àti Adventure
Iṣẹ́ BMW ti Jámánì ni alùpùpù méjèèjì, ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n sì ń lò, 1254 cc. Táǹkì gan-an ló yà wọ́n sọ́tọ̀. GS ń gba epo lítà 20, Adventure ń gba 30. Ilé-iṣẹ́ náà ní lítà 4.75 ni wọ́n ń jẹ ní kìlómítà 100. Nípa bẹ́ẹ̀, GS á lọ bíi 420 kí epo tó tán, Adventure á kọjá 600. Ẹni tó bá ń sáré kò ní rí tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n epo wúwo o! Kìlógíráàmù 249 ni GS, Adventure jẹ́ 268. Lórí ere, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo kún tán, ẹ wá fẹ́ yí Adventure padà lórí òkúta wẹ́wẹ́: gbogbo epo yẹn wà lókè, àga ga tó mílímítà 890, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀. Bó bá fì pẹ́nrẹ́n, apá ò ní ká a mọ́.

Ti lítà 20 ni èmi á mú. Ẹni tó bá ń lọ sí aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí ilé epo ti jìnnà síra, kó mú Adventure.