Google Search Console ló jẹ́ kí n mọ ibi tí oníbàárà mi gbà lọ

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tó jẹ́ pé orí Google ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń rí mi kí wọ́n tó pè, mi ò sì san kọ́bọ̀ fún ìpolówó.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí wọ́n bá mi tún ìkànnì mi ṣe, torí ti tẹ́lẹ̀ kò ṣeé kà lórí fóònù. Iṣẹ́ náà dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ìpè fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo wá ara mi lórí Google, mo ṣí ojú ewé kejì, mo ṣí ìkẹta, mi ò sí níbẹ̀. Àyà mi já gan-an. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wo Search Console ná."

Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ Google ni, tó ń fi bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí ìkànnì han ẹni tó ni ín. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìkànnì fún mi sì ti so ó mọ́ ọn tipẹ́. Èmi ni mi ò ṣí i wò rí. Ìlà búlúù tó ń ka iye ẹni tó tẹ orúkọ mi wọlé ń lọ geere, ó wá já wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ìkànnì tuntun jáde gan-an. Níbi tí wọ́n kọ Pages sí, ojú ewé 47 ló wà lábẹ́ Not found, ìyẹn ni pé Google wá wọn, kò rí wọn. Gbogbo àdírẹ́sì ojú ewé ni wọ́n ti yí padà, wọn ò sì darí ẹyọ kan láti ti àtijọ́ sí tuntun. Bíi kí ènìyàn kó ṣọ́ọ̀bù láti Ìtòkú lọ sí Kútọ̀ láì dágbére fún ará ọjà. Ojú ewé mẹ́sàn-án mìíràn ní àmì noindex lára, èyí tó ń sọ fún Google pé kó má gbé wọn jáde. Wọ́n fi í síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì gbàgbé láti yọ ọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Ìbàdàndùn, aṣọ tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí lára. Search Console máa ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ hàn, mo sì rí i níbẹ̀ pé "Ìbàdàndùn" ló ń mú ènìyàn wá bá mi jù. Nínú ìkànnì tuntun, àkọlé ojú ewé rẹ̀ ti di "Product 14". Ta ni yóò wá Product 14?

A ní kí wọ́n fi redirect 301, ìyẹn ìdarí tó ń sọ pé ojú ewé ti kó lọ pátápátá, darí àdírẹ́sì àtijọ́ kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe kí wọ́n kó gbogbo wọn dà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Google fúnra rẹ̀ ní kí á fi ìdarí náà sílẹ̀ fún ọdún kan, ó kéré tán. A yọ noindex, a dá àkọlé padà, a fi sitemap tuntun, ìyẹn àkójọ àdírẹ́sì ojú ewé ìkànnì, ránṣẹ́ sí Google. Mo ń tẹ Request Indexing, bọ́tìnì tí a fi ń bẹ Google kó wá ka ojú ewé, lójoojúmọ́ lórí ojú ewé kan náà títí mo fi kà á pé àtẹ̀túntẹ̀ kì í mú un yá.

Ẹ so Search Console mọ́ ìkànnì yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí oṣù 16 péré ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ mọ, kì í sì í ka èyí tó ti kọjá kí ẹ tó dé. Iye tí ẹ bá rí fún òní tàbí àná lè má tíì pé.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Ìbàdàndùn padà sí ipò kẹta. Oníko, àdìrẹ tí wọ́n fi okùn ìko dì, ni kò tíì padà. Mo ń wò ó láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.