Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n fi ìró ẹ̀rọ jó àìsàn endometriosis lára ìfun mi, mo lọ ṣe síkáànù ní Ìkòròdú

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Mo wo aago ara ògiri wọn nígbà tí ọmọkùnrin tó ń ṣe síkáànù da jẹ́ẹ̀lì tútù sí mi níkùn, mo tún wò ó nígbà tó ja tíṣù fún mi pé kí n nura. “Àǹtí, kò sí nǹkan kan o. Ilé ọmọ yín mọ́ tónítóní.” Mo ní kì í ṣe ilé ọmọ ni mo bá wá, ìfun ìdí ni, ó kúkú wà nínú ìwé tí mo gbé fún un. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn á jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ dín ṣúgà kù.”

Ṣúgà! Inú bí mi débi pé ẹnu géètì ni mo dé kí n tó rí i pé ẹsẹ̀ bàtà kan ni mo wọ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀, kí ẹ má baà rò pé oníjà ni mí. Odindi ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jẹ̀díjẹ̀dí tàn mí jẹ. Bí nǹkan oṣù mi bá ti ku ọ̀la, ẹ̀rù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Kí n yàgbẹ́ lásìkò náà dà bí ẹni ń fa egungun ẹja gba ìdí jáde. Bí nǹkan oṣù bá ti lọ, ìrora náà á lọ, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ aláàgbo ní Sábó, mo mu àgbo jẹ̀dí títí tí gbogbo oúnjẹ fi ń korò lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó béèrè pé irú jẹ̀dí wo ló mọ kàlẹ́ńdà.

Ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ, ni wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀ fún mi lọ́dún 2022: endometriosis. Ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló lọ hù síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Tèmi lẹ̀ mọ́ ìfun ìdí, ó gùn tó mìlímítà 27. (Àbúrò ọkọ mi ní àìsàn òyìnbó ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló ní in, nǹkan bíi mílíọ̀nù 190 káàkiri ayé. Ṣé òyìnbó ni gbogbo wọn?)

Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀ fún mi. Èkíní ni iṣẹ́ abẹ: wọn á fá a kúrò lára ìfun, tàbí kí wọ́n gé ibẹ̀ kí wọ́n so ìfun pọ̀ padà. Ẹlòmíì máa ń gbé àpò ìgbẹ́ sára fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ni HIFU, ìyẹn fífi ìró jó o láìlo ọ̀bẹ. Lyon yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fi í tọ́jú endometriosis ìfun. Focal One lorúkọ ẹ̀rọ náà, jẹjẹrẹ próstéètì àwọn ọkùnrin ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi dígí kó oòrùn jọ sójú kan lórí bébà nígbà èwe, tí bébà á sì gbiná? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kó ìró tí etí kì í gbọ́ jọ. Ojú ìdí ni wọ́n gbé ẹ̀rọ gbà wọlé, wọ́n ti fún mi lóògùn oorun, ìgbà tí mo máa lajú ó ti parí. Kò sójú ọ̀bẹ lára mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ wọkọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà lókè jù nínú ìfun, ẹ̀rọ yẹn ò ní débẹ̀ o.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe bí mo ṣe rò ó. Wọn ò yọ nǹkan náà kúrò. Wọ́n jó o ni, ó wá ń sún kì díẹ̀díẹ̀. Nǹkan oṣù àkọ́kọ́ dé, ìrora ò yí padà, mo bú gbogbo wọn pátá. Oṣù kẹta ni mo yàgbẹ́ láìsunkún. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń dá rẹ́rìn-ín, ọkọ mi ń kanlẹ̀kùn pé kí ló dé. Ká ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ìrora mi tẹ́lẹ̀, ó bọ́ sí méjì. Lẹ́yìn ọdún kan, àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní MRI fi hàn pé ó ti ku mìlímítà 16. Ọdún kejì, mo gbàgbé pé mo ní in. Nígbà tí ọdún kẹta pé, tí a ti padà sí Igbógbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú fún ọjọ́ kan lóṣù, bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Àárẹ̀ inú egungun yẹn ò fìgbà kan lọ. Òmíràn tún wà ní ilé ẹyin mi lápá òsì, HIFU ò kàn án rárá. Mo sì lo oògùn họ́mọ́ọ̀nù kan, dienogest, fún oṣù mẹ́jọ láàárín kan, kí n tó dá a dúró torí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán ṣáá. N ò lè fi Ògún búra pé ìró nìkan ló bá mi ṣe é.

Wọ́n ti sọ fún mi ní Lyon pé ó lè padà, pé kí n máa ṣọ́ ọ. Ìdí tí mo fi lọ sí ilé síkáànù náà nìyẹn. N ò ní dárúkọ wọn. Aago mẹ́jọ ni mo débẹ̀. Ọmọbìnrin orí tábìlì ní kí n mu píọ̀ wọ́tà mẹ́rin, kí n má sì tọ̀. Aago méjìlá ku díẹ̀ ni wọ́n pè mí. Láàárín ìgbà yẹn ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn tán, ó pa irun rẹ̀ tì sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì pariwo lójú gbogbo èèyàn pé, “Ta ló ni síkáànù ìdí?” Bàbá àgbà kan bojú wò mí bí ẹni ń kẹ́dùn.

Ìgbà tí mo padà wọlé wá mú bàtà ni ìyá kan yọ láti yàrá kejì, ó fi okùn so awò ojú mọ́rùn. “Ọmọ mi, ta ló ṣẹ̀ ọ́?” Mo rò fún un, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó wá ní: “Bó o bá ń ṣe nǹkan oṣù, ṣé ìgbẹ́ yíyà ló ń dùn ọ́, àbí lẹ́yìn tó o bá yà á tán?”

Mo kàn jókòó ni. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣàìsàn yìí, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn nílé wa rí.

“Kọ́kọ́ lọ tọ̀,” ló wí. Màmá, Ọlọ́run á bù kún yín.

Ojú ara ló gbé ẹ̀rọ gbà lọ́tẹ̀ yìí. Kò tíì rí nǹkan kan tí wọ́n fi mú iná lọ. A wà nínú òkùnkùn, ó ń bi mí pé kí ni HIFU. “Má bínú, n ò gbọ́ ọ rí. Kọ ọ́ fún mi.” Ẹni tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí! Ó fi fóònù tan iná, mo kọ ọ́ sẹ́yìn risíìtì, mo túmọ̀ ìwé Faransé náà fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dáhùn, ó wá a fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó rọra tẹ ibì kan. “Ṣé ibí ni?” Mo kígbe. Igbe ìrora ni, igbe ayọ̀ náà ni. “Òun nìyí.” Mìlímítà 18. Ó ní kí n máa wá lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kó jẹ́ òun náà, kó jẹ́ ẹ̀rọ yẹn náà, torí bí ọwọ́ bá yàtọ̀, ìwọ̀n á yàtọ̀. Tó bá ń tóbi sí i, ká tètè wá oníṣẹ́ abẹ.

Mo jáde, ọmọbìnrin orí tábìlì ní síkáànù mìíràn nìyẹn o, ₦14,500 lórí ₦10,000 tí mo ti san fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Màmá jáde wá bá a wí, ọmọbìnrin náà ní ọ̀gá ò sí nílé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS ò lọ. Mo fún un ní ₦15,000. “Ṣéńjì ò sí, Àǹtí Faransé.”

HIFU: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ilé síkáànù: ìràwọ̀ kan. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni Màmá máa ń wà níbẹ̀, mo ti gba nọ́ńbà sílẹ̀ de oṣù mẹ́fà òní. Màá béèrè ₦500 mi lọ́jọ́ náà.