Ṣọ́ọ̀bù táyà kan ní Ìwó Road, Ìbàdàn: táyà iwájú méjì tí kò bára mu

Òjò ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń bọ̀ láti Ifẹ̀, mo ti ń sún mọ́ afárá Aṣejirè, òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì sáré rárá. Bọ́ọ̀sì tó wà níwájú mi ṣàdédé dúró láti já èrò sílẹ̀. Mo tẹ bíréèkì bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kò dúró lójú kan, imú rẹ̀ yí sí òsì, ó gbé mi wọ ojú ọ̀nà tí tírélà kan ń bá bọ̀ lẹ́yìn. Tírélà ń fọn họ́ọ̀nù, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, mo di sítíárìn mú, mo fà á padà sí ọ̀tún. Ó kọjá lára wa báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò lè sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ẹgbẹ́dá.

Ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti ra táyà iwájú méjèèjì. Mo sọ fún wọn pé tuntun ni mo fẹ́, méjì tó bára mu, nítorí Corolla mi kì í sinmi lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Wọ́n gba owó tuntun méjì, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì: 195/65R15, méjì (195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, 15 ni ìwọ̀n ríìmù ní ínṣì). Àtìgbà náà ni sítíárìn ti ń fà sí òsì. Mo gbé e lọ ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè máa lọ tààrà, níbòmíràn, wọ́n gba ₦10,000 lọ́wọ́ mi, ó ṣì ń fà.

Láti Aṣejirè, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbà lọ tààrà. Ọ̀gá kò sí nílé. Obìnrin tó ń gbowó kò dìde lórí àga. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀ ná. Ríìmù 15 lẹ ní, táyà 15 ni wọ́n fi sí i. Kí ló tún kù?" Mo ní kó jáde wá wò ó. Ó ní òjò ń rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù lọ, nítorí inú òjò kan náà ni táyà wọn ti fẹ́ pa èmi àti ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ iṣẹ́ kan ló gbọ́ ohùn mi tó jáde. Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó fi àkísà nu ẹrẹ̀ ara táyà òsì, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè: 195/65R15. Ó bọ́ sí ọ̀tún, ó nù ún, ó dákẹ́. Ó tún un nù. "Mà, 205 ló wà níbí o." Ó wá fi ìka tọ́ nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára DOT, ìyẹn àmì ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2214. Ọ̀sẹ̀ 22 nínú ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é nìyẹn. Tòkunbọ̀ ni, wọ́n fi nǹkan dúdú kùn ún kó lè máa dán.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé 195 àti 205 kò jìnnà síra. Lóòótọ́, ríìmù kan náà ni wọ́n ń wọ̀, àmọ́ 205/65 fi mìlímítà 13 ga ju 195/65 lọ láti ilẹ̀ dé òkè. Kí ọkọ̀ tó rin kìlómítà 1, èyí tó kéré á ti fi bí ìgbà mẹ́wàá yí ju èkejì lọ. Ìdí tó fi ń fà sí ọ̀dọ̀ èyí tó kéré nìyẹn, àwọn gíà inú gíábọ́ọ̀sì tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ ní kọ́nà kò sì ní sinmi lójú ọ̀nà tó gún. Tí òjò bá wá rọ̀, rọ́bà tuntun á di ilẹ̀ mú, èyí tó ti le á máa yọ̀. Ẹ tẹ bíréèkì, ibi tó di ilẹ̀ mú lọkọ̀ máa yí sí. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí Michelin ti pa ilé iṣẹ́ wọn ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró n'Íkẹjà, òkè òkun la ti ń kó táyà wá, tòkunbọ̀ sì kún ọjà. Ẹni tó bá ń tà á, kó pè é ní tòkunbọ̀.

Ìgbà tí ọ̀gá fi máa dé, mi ò retí ohunkóhun mọ́. Kò jiyàn rárá. Ó gba rìsíìtì, ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà méjèèjì, ó ní kí wọ́n gbé jáàkì wá. Ó gbé méjì jáde láti inú sítọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kà á fúnra yín kí wọ́n tó gbé e wọ̀." Iléeṣẹ́ kan náà, ilà ojú wọn bára mu, 195/65R15, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ṣe wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé wọn sórí ẹ̀rọ, tó lẹ òjé mọ́ ríìmù kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má bàa máa gbọ̀n, tó fi géèjì wọn afẹ́fẹ́. Ó bá mi wọkọ̀, a lọ dé Gbági Tuntun, ó ní kí n dẹ ọwọ́ lára sítíárìn. Ọkọ̀ lọ tààrà. Nígbà tí a padà, ó pe ọmọ iṣẹ́ yẹn síwájú gbogbo wọn, ó ní bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ máa ka nọ́ńbà nìyẹn. Inú mi dùn sí i gan-an. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n kò dá owó aláímẹ́ǹtì padà, ó ní òun kọ́ ló ní kí n lọ ṣe é. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sì sọ ẹni tó gbé tòkunbọ̀ yẹn wọ̀ fún mi. Obìnrin tó ń gbowó kò sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" títí mo fi lọ.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ti ra táyà ẹ̀yìn náà. Ẹni tó bá ń lọ, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀gá wà ní ṣọ́ọ̀bù, kó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀, kó sì ka DOT táyà méjèèjì kó tó sanwó.