Mortal Kombat 11, Tekken 7 àbí Street Fighter 6: èwo ni kí ẹ rà fún PS4?

Kí ẹ tó gba Taiwo Road ní Ìlọrin lọ ra sídì géèmù ìjà, ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ẹ ó máa bá gbá a? Ìtàn ló ń dá ẹni tó ń dá gbá géèmù dúró. Ilé tí èrò bá pọ̀ sí, bí ìjà náà ṣe rọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ló jù.

Mortal Kombat 11 (2019) ló ni ìtàn. Kronika, ẹni tó ń ṣọ́ àkókò, da àná pọ̀ mọ́ òní, làwọn jagunjagun bá ń pàdé ara wọn nígbà èwe. Orí 12 ni. Ní orí kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé lé yín lọ́wọ́; Cassie Cage ló ṣíwájú. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, torí kí ìtàn tó parí, ẹ ti mọ ẹni tó bá ọwọ́ yín mu. Àmọ́ bọ́tìnnì R2 ni wọ́n fi ń dènà ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀. Nínú Tekken, títẹ ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń dènà; ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ á máa tẹ ẹ̀yìn, ẹ̀ṣẹ́ á sì máa bà á. Bí kò bá sí dátà, Towers of Time (àwọn ìjà tó máa ń yí padà) àti Krypt (ibi tí wọ́n ti ń ṣí àpótí ẹ̀bùn) kò ní ṣí. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ má gbé e fún ọmọdé.

Ìtàn Tekken 7 (2017) kò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Heihachi ju Kazuya ọmọ rẹ̀ láti orí òkè, ọmọ náà dàgbà, òun náà ju bàbá. Ẹni tó bá ti rí ìjà ogún nínú agboolé kò nílò àlàyé. Ibi tó ti dùn ni pádì: □ ọwọ́ òsì, △ ọwọ́ ọ̀tún, ✕ ẹsẹ̀ òsì, ○ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹni tó kọ́kọ́ di pádì mú lè tẹ̀ ẹ́ gbuurugbu kó sì na ọ̀gá. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹnìkan ṣoṣo lè ní oríṣi ìkọlù tó ju 100 lọ, géèmù náà kò sì kọ́ni dáadáa. Síbẹ̀, fún ilé tí wọ́n ti ń gba pádì lọ́wọ́ ara wọn, òun la ó kọ́kọ́ rà.

Street Fighter 6 (2023) ló mọ̀ ọ́n kọ́ni jù. Nínú World Tour, ibi ìtàn rẹ̀, ẹ ó dá èèyàn tiyín, ẹ ó máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Luke àtàwọn oníjà yòókù ní Metro City, ìlú inú géèmù náà. Ìtàn fúnra rẹ̀ kò lágbára. Nínú Classic, ọ̀nà àtijọ́ láti tẹ pádì, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀-iwájú, iwájú, lẹ́yìn náà ẹ̀ṣẹ́, ni oníjà Ryu fi ń ju Hadoken, bọ́ọ̀lù agbára rẹ̀. Bọ́tìnnì kan ló ń ṣe é nínú Modern, ọ̀nà tó rọrùn, àmọ́ agbára rẹ̀ á dín ní ìdá 20 nínú 100. Ẹ ṣọ́ Drive, òṣùwọ̀n agbára tó pín sí mẹ́fà: bó bá tán, ẹ ti wọ Burnout, ìyẹn àárẹ̀, ẹ̀mí yín á máa jò bí ẹ tilẹ̀ dènà ìkọlù àkànṣe.

Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ yí sídì sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo bó bá ti ya. Àwọn oníjà tí ẹni àkọ́kọ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í bá sídì wálé. Ẹ dán pádì wò: bí oníjà bá ń rìn láì jẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án, ọ̀pá òsì ti bàjẹ́. Ẹ sì tan Game Mode, ètò tí kì í jẹ́ kí àwòrán pẹ́, lórí tẹlifíṣọ̀n, torí àwòrán 60 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí tẹlifíṣọ̀n bá fi àwòrán mẹ́rin pẹ́, ẹ̀ṣẹ́ á ti bà yín kí ẹ tó rí i.