Dùùrù nínú àpótí kékeré: Raspberry Pi 4 àti ohùn Salamander ní ṣọ́ọ̀ṣì Ògbómọ̀ṣọ́

Ìlú tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898 kò lè ṣàjèjì sí dùùrù gidi. Etí àwọn akọrin Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń tètè mú kíbọọ̀dù tó bá ń dún bí agolo, ìdí nìyẹn tí àpótí yìí fi wu àwọn atẹdùùrù. Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ jẹ́ ẹ: Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, Zynthian, ètò ọ̀fẹ́ tó ń sọ kọ̀ǹpútà náà di ẹ̀rọ ohùn, àti Salamander Grand Piano, ohùn dùùrù Yamaha C5 tí Alexander Holm gbà sílẹ̀, tó sì fi ta ayé lọ́rẹ. Ẹ so kíbọọ̀dù tó bá lè fi MIDI (èdè tó ń sọ kíì tí ẹ tẹ̀ àti bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó) ránṣẹ́ láti ojú USB mọ́ ọn, ohùn C5 ni yóò máa jáde.

Ó dára. Ó sàn fíìfíì ju dùùrù inú kíbọọ̀dù alábọ́dé lọ. Àmọ́ tó bá ti ń dún burúkú, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á pa ohùn náà rẹ́, wọ́n á tún dáńlóòdù òmíràn, dátà á sì máa jó lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohùn fúnra rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Ọwọ́ tó wà níwájú rẹ̀, iná tó ń gbé e àti wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọwọ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù ti ń wá: “dùùrù yìí ò dán, ó ń dún bí ẹni pé wọ́n daṣọ bò ó.” Ìpele 16 ni Salamander ní, láti orí ìtẹ̀ jẹ́jẹ́ dé orí ìtẹ̀ tagbáratagbára, iye tí kíbọọ̀dù bá sì fi ránṣẹ́, láàárín 1 sí 127, ló ń yan ìpele tí yóò dún. Ẹ ṣí ojú àṣẹ (terminal) Pi náà, ẹ tẹ `aseqdump -l` kí ẹ fi mọ nọ́ńbà kíbọọ̀dù yín, lẹ́yìn náà ẹ tẹ `aseqdump -p` pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Ẹ wá tẹ C àárín, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó le mọ́ ọn. Ìlà kan á yọ fún ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan: note 60, velocity 41, note 60, velocity 88. Bí velocity, ìyẹn bí ìtẹ̀ ṣe le tó, bá dúró sójú kan, 64 tàbí 100, bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, wọ́n ti pa Touch, ètò tó ń ka agbára ọwọ́, lórí kíbọọ̀dù náà ni. Bó bá ń lọ sókè ṣùgbọ́n tí kò kọjá 95, àwọn ìpele òkè tó ń tàn yòò kò ní gbọ́ ọwọ́ yín láé. Ẹ yí Touch sí Soft. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tungba na kíbọọ̀dù, tí gbogbo ìtẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ 127, ìdàkejì ni tirẹ̀: Hard ni kó lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn á máa ta síni létí bí irin. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa yí treble orí míksà torí ọ̀rọ̀ yìí. Ńṣe ni yóò kàn mú kí akọrin máa dún bí ẹni ń fi imú kọrin.

Bó bá jẹ́ pé ohùn náà ṣófo, tó ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú garawa, dùùrù inú kíbọọ̀dù àti ti àpótí ló ń dún pọ̀. Ẹ pa Local Control, ètò tó ń jẹ́ kí kíbọọ̀dù fúnra rẹ̀ dún. Bí ìlù bá sì ń já wọ inú dùùrù nígbà tí ẹ tan style (ìlù tí kíbọọ̀dù ń lù fúnra rẹ̀), kíbọọ̀dù ń fi ìlù náà ránṣẹ́ lórí channel mìíràn; ẹ jẹ́ kí Zynthian máa gba channel tí ọwọ́ ọ̀tún yín ń lò nìkan.

Èyí tó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù, tó sì rọrùn jù láti tú, ni kíì tó yadi. Holm kò gba ohùn kíì 88 sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fo sẹ́mítóònù mẹ́ta mẹ́ta láti A ìsàlẹ̀ pátápátá dé C òkè, èyí tó fún wa ní ohùn 30. Ìlọ́po 16, fáìlì 480 nìyẹn. Fáìlì kan ló ń sin kíì mẹ́ta tó fara kanra. Nítorí náà, bí kíì mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn bá dákẹ́, fáìlì ló sọnù, kíbọọ̀dù yín kò ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kíkan nìkan ló ń dákẹ́, fáìlì ìpele òkè ni. Ẹ ṣí ìwé SFZ rẹ̀, fáìlì tó ń sọ ohùn tí kíì kọ̀ọ̀kan yóò lò, ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹ wá ìlà tó ní `sample=`, kí ẹ fi orúkọ ibẹ̀ wé orúkọ inú fódà. Linux, ètò tó ń darí Pi, kì í fi lẹ́tà ńlá pe lẹ́tà kékeré: `C4v8.wav` àti `c4v8.WAV` kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà lójú rẹ̀. Orí Windows tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ló sábà ń da orúkọ rú, tàbí fílásì USB tí wọ́n fà yọ kó tó parí iṣẹ́. Ẹ tú àkópọ̀ fáìlì náà lórí Pi fúnra rẹ̀.

Pi tó ní RAM 4GB ni a fọwọ́ sí. Ètò méjì nínú Zynthian ló lè mú ohùn náà dún: FluidSynth máa ń kó gbogbo SF2 (ẹ̀yà tí gbogbo ohùn wà nínú fáìlì kan ṣoṣo) sínú RAM kó tó dún, nígbà tí LinuxSampler ń kó ìbẹ̀rẹ̀ ohùn nìkan, tó ń fa ìyókù látorí mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹni tó bá ní 2GB, LinuxSampler ni kó gbára lé, pẹ̀lú káàdì tó yá; bí káàdì bá fà, ohùn gígùn á máa já láàárín.

Jíjá ohùn yẹn yàtọ̀ sí ìtapàrà, ẹ má da méjèèjì pọ̀. Bó bá ń ta bí ẹ̀pà nínú agbada, buffer, àyè tí ohùn ti ń dúró díẹ̀ kó tó jáde, ló kéré. Ní 48000 (iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń ka ohùn ní sẹ́kọ́ndì kan), buffer 256 lọ́nà méjì jẹ́ ìdádúró mílísẹ́kọ́ndì 10.7, 128 lọ́nà méjì jẹ́ 5.3. Orí 256 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohùn àtijọ́ ń kú nígbà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ lé pẹ́dàlì, tí ẹ sì ń to ohùn jọ lábẹ́ àdúrà, polyphony, iye ohùn tó lè dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ló tán. Nínú SF2, ohùn sítẹ́ríò kan ń jẹ àyè méjì, nítorí náà 64 kò ju ìtẹ̀ 32 lọ. Ẹ gbé e dé 128.

Ìtapàrà tí buffer kò wò sàn, ṣájà ni. Pi 4 ń fẹ́ 5.1V àti 3A. Ṣájà fóònù tó kọ 3A sára, tí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, kò lè gbé e. Ẹ tẹ `vcgencmd get_throttled`. 0x0 ni a fẹ́ rí. Bẹ́ ẹ bá rí 0x50005, iná ń wọ́lẹ̀ lọ́wọ́, Pi sì ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. 0x50000 ń sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti tàn án. Ooru náà ń fà á: láti 80°C ló ti ń dẹwọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹta kì í sì í ṣe ibi tí a ti ń lo àpótí ṣiṣu tí kò ní fáànù.

Ihò hẹ́díhóònù Pi 4? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ó ń ṣe ṣìì, ohùn dùùrù tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ á sì rì sínú rẹ̀. Sáúndì káàdì USB ni kí ẹ rà. Bí ìró hùùù bá wà lẹ́yìn náà, ẹ fi pawabáńkì gbé Pi fún ìṣẹ́jú kan. Bí hùùù bá lọ, ọ̀nà iná ni wàhálà wà, DI box, àpótí kékeré tó ń ya ọ̀nà iná méjèèjì sọ́tọ̀, láàárín Pi àti míksà á sì tán an.

Ohùn tó ga ju bó ti yẹ lọ ní sẹ́mítóònù kan àtààbọ̀, tí C bọ́ sáàárín C♯ àti D, 44100 tí wọ́n ń kà bí 48000 ló fà á. Bó bá jẹ́ sẹ́mítóònù gérégé ló fi ga, ẹ wo transpose, ètò tó ń gbé kíì sókè tàbí sísàlẹ̀: ẹni kan ti tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọọ̀dù, ẹlòmíràn tún tẹ̀ ẹ́ nínú Zynthian. Pẹ́dàlì tó ń ṣiṣẹ́ sódì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tan kíbọọ̀dù.

Àléébù gidi tí ohùn náà ní kò ju méjì lọ. Ó rọ̀ jù fún orin ìyìn nígbà tí gángan àti dùrọ́ọ̀mù bá ti gbóná. Ó nílò kí ẹ gé báàsì rẹ̀ kúrò lórí míksà. Èkejì, ariwo ìgbà tí kíì bá ń padà sókè wà nínú rẹ̀, tó dùn nínú hẹ́díhóònù, àmọ́ tó ń ṣe kó-kó-kó nínú sípíkà ńlá. Inú SFZ, ẹ pa apá tó ní `trigger=release` fún ariwo yìí rẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní íńfátà tàbí UPS lábẹ́ Pi, kó má tíì rà á. Bí iná bá lọ lójijì, mẹ́mọ́rì káàdì lè bàjẹ́, kò sì ní tàn mọ́ ní òwúrọ̀ Sunday. Ẹni tó bá sì ti rà á, kó ṣe ẹ̀dà káàdì náà sórí káàdì kejì, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí.